N'Ìgèdè-Èkìtì, ewúrẹ́ ló ni títì: Irin ńlá tí wọ́n ń so síwájú mọ́tò, ta ló ń gbà là?

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ mọ̀ bóyá dẹ́rẹ́bà kan mọ ọ̀nà Èkìtì dáadáa, kó má wulẹ̀ béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹ̀. Kó kàn jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó máa wo ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ bí mọ́tò bá ti ń sún mọ́ Ìgèdè. Ẹni tó mọ̀nà yóò ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná kí ilé àkọ́kọ́ tó yọ. Àjèjì tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Àbújá, tó rò pé gbogbo títì tó bá ti dán, ti mọ́tò nìkan ni, àfìgbà tí ewúrẹ́ mẹ́ta bá yọ lójijì láti ẹ̀yìn ìsọ̀ kan kó tó mọ̀ pé ìlú onílùú lòun wọ̀ yẹn.

Ọ̀nà náà ò kúkú jìn. Tèèyàn bá wọkọ̀ ní Bàsírì l'Adó-Èkìtì, Ìyìn ni yóò kọ́kọ́ kàn. Ìyìn yẹn ni ìlú Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ tó ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn láyé ológun láti 1966 dé 1971, òun náà ni ìlú ọmọ ẹ̀, Níyì Adébáyọ̀, tí wọ́n dìbò yàn ṣe gómìnà Èkìtì lọ́dún 1999. Lẹ́yìn Ìyìn, Ìgèdè ló kù. Gbogbo ẹ̀ kò tó ogún kílómítà. Ìgèdè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, ibẹ̀ ni Onígèdè ń jọba sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn àgbà ń sọ pé odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ kó tó ṣàn lọ sí Òṣogbo tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Àwọn tó ń lọ sí Àrámọkọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Iléṣà, inú ìlú yìí ni wọ́n ń gbà kọjá. Ọ̀nà Ìlawẹ̀ àti ọ̀nà Awò náà sì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ariwo mọ́tò kì í fi í dá níbẹ̀ lọ́sàn-án, tí àwọn ẹran ọ̀sìn ibẹ̀ kò sì ka ariwo mọ́tò sí nǹkan kan mọ́.

Ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ewúrẹ́, nítorí òun ni àgbà ọ̀dáràn. Ewúrẹ́ tiwa níbí, àwọn kúkúrú tí ẹ mọ̀ yẹn, kì í sábà ga ju ìdajì mítà lọ, ìwọ̀n ẹ̀ kì í sì í sábà kọjá 30 kílò. Ẹran kékeré ni, àmọ́ ọgbọ́n orí ẹ̀ pọ̀. Láàárọ̀, èèyàn á bá a létí títì níbi tí àwọn oníyán da èèpo iṣu sí, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ Èkìtì la wà, èèpo iṣu kì í wọ́n. Bí oòrùn bá mú, á wá ibòji lọ. Bí òjò bá dá, á tún padà sójú ọ̀dà, torí ọ̀dà ló máa ń tètè gbẹ, ewúrẹ́ sì kórìíra kí ẹsẹ̀ òun tutù. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀dà tó ti gba oòrùn látàárọ̀ á ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ gan-an ni ewúrẹ́ àti àgùntàn á tẹ́ ara wọn sí, wọ́n á máa jẹ àpọ̀jẹ bí ẹni tó sanwó ilé.

Ìwà wọn ò wá bára mu. Àgùntàn kì í dá rìn. Bí èyí tó ṣáájú bá ti kọjá, gbogbo àwọn tó kù á tẹ̀ lé e, bí tírélà tilẹ̀ ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá rí àgùntàn kan tó ń sọdá, tó wá ní òun fẹ́ẹ́ gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá, ó ti kó sí wàhálà, ẹ̀yìn yẹn gan-an làwọn yòókù ń bọ̀. Ewúrẹ́ ní tiẹ̀, ó máa ń dúró wò ó, àmọ́ bí ó bá lọ́mọ, tí òun ti sọdá tí ọmọ ṣì wà lódì kejì, ọmọ náà á ké, ìyá á sì padà lójijì. Adìẹ ò ní làákàyè kankan, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ajá ló burú jù nínú wọn, torí ó máa ń sáré dé àárín títì, á wá rántí nǹkan tó gbàgbé sílé, á sì yí padà.

Ọ̀rọ̀ ajá yìí ní àlàyé tiẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ìrè-Èkìtì tó jẹ́ ìlú Ògún Onírè kò jìnnà sí Ìgèdè, ìpínlẹ̀ kan náà ni wọ́n, gbogbo ẹni tó ń wakọ̀ ló sì mọ̀ pé ajá ni oúnjẹ Ògún. Àwọn dẹ́rẹ́bà àtijọ́ máa ń sọ fún ọmọ ẹ̀yìn wọn pé bí ajá bá já wọ títì, kó má ṣe yà fún un o, pé Ògún ló fẹ́ẹ́ gba tiẹ̀. Ẹlẹ́sìn ìgbàlódé lè máa fi èyí rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ìyẹn FRSC, ń kọ́ àwọn awakọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i: ẹ fọwọ́ mú ọkọ̀ dáadáa, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ má já ọwọ́ ọkọ̀ lójijì. Ẹni tó yà fún ẹran lórí eré lè lọ bá igi, ó lè takìtì sínú kòtò, ó sì lè kọlu mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú pẹ̀lú èrò méjìdínlógún nínú ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé "ewúrẹ́ ló fa jàǹbá", lọ́pọ̀ ìgbà, ewúrẹ́ ọ̀hún ti padà sílé, ó ń jẹ èèpo iṣu.

Bí wọ́n bá wá pa á ńkọ́? Há à, ẹ ò tíì rí àrà. Ewúrẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mójú tó láti àárọ̀, láàárín ìṣẹ́jú méjì, olówó ẹ̀ á ti dé. Ṣé ẹ mọ̀ pé ewúrẹ́ tí mọ́tò pa kì í ṣe ewúrẹ́ lásán? Abo ni, ó sì lóyún, ìbejì ló wà nínú ẹ̀, ìbejì yẹn náà ì bá sì ti bímọ tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Bí dẹ́rẹ́bà bá ní "Ìyá, ẹ ṣàánú mi, ẹ̀yin náà ẹ wo iwájú mọ́tò mi," ìyá á ní "Ọmọ mi, mọ́tò kì í bímọ." Àwọn àgbà àdúgbò á bá wọn dá sí i, wọ́n á gé e sí méjì, ẹni tó sanwó á gbé ẹran ẹ̀ sí búùtù tàbí kó fi sílẹ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ẹ̀. Mo fẹ́ràn ètò yìí ju kóòtù lọ, ká sọ tòótọ́.

Ohun tí kò ṣeé fi ṣàwàdà ni màlúù. Màlúù funfun tí àwọn Fúlàní ń dà, tó bá ti dàgbà dáadáa, á wọn 300 kílò, akọ á sì lọ sókè sí 500. Bí 1.3 mítà ni èjìká ẹ̀ ga sí. Ẹ wá fi èyí wé bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla tàbí Sienna tí wọ́n ń kó èrò ní ọ̀nà yìí. Ẹsẹ̀ màlúù ni bọ́ńpà máa ń bá, ẹsẹ̀ yẹn á sì ṣẹ́. Ara tó kù, bíi mẹ́fà nínú àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá, tàbí kó tó gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pàápàá, á yọ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á sì wá bá gíláàsì iwájú. Ẹni tó jókòó síwájú ló ń pàdé ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ràkúnmí ń ṣe fún wọn ní Saudi Arabia, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹranko ńlá kan tí wọ́n ń pè ní moose ń ṣe fún wọn ní Sweden, tó fi di pé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ Volvo àti àwọn tó ṣe Saab nígbà kan níbẹ̀ fi ère ẹranko náà dán ọkọ̀ wọn wò kó tó jáde. Àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn kò sọ pé irin ni kí èèyàn so síwájú o. Òrùlé àti gíláàsì ni wọ́n ń mú le.

Ibẹ̀ la ti wá dé orí irin. Ẹ ti rí i rí dáadáa: páìpù ńlá tí wọ́n tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, tí wọ́n jó mọ́ iwájú ọkọ̀, òmíràn á máa dán bíi dígí, òmíràn á dúdú. Bull bar ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Láwọn ọdún 1990, tí Pathfinder àti Pajero ń jẹ gàba nígboro, jíìpù tí kò bá ní in lójú, wọn ò kà á sí jíìpù olówó. Lónìí, àwọn ajórinmọ́rin wa ń fi páìpù omi ṣe é fún bọ́ọ̀sì, fún ọkọ̀ akérò, kódà fún mọ́tò kékeré tí kò tó ohun tó ń gbé irin. Bí ẹ bá bi dẹ́rẹ́bà pé kí ló ń fi í ṣe, ìdáhùn kan náà ni: "Nítorí ẹran ni, ẹ̀gbọ́n. Bọ́ńpà ti wọ́n."

Irú irin báyìí ti pẹ́ láyé. Iwájú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Láyé ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí rélùwéè Amẹ́ríkà ń la oko àwọn darandaran kọjá, wọ́n so irin onímú-ṣóńṣó kan síwájú ẹ̀ láti máa ti màlúù dà nù kúrò lójú irin. Charles Babbage, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà tó ronú ẹ̀rọ tó di baba kọ̀ǹpútà, wà lára àwọn tó dábàá ẹ̀. Rélùwéè ò dé Èkìtì rí, a ò mọ èyí. Àwọn ará Australia ló wá sọ irin náà di ti mọ́tò, torí ẹranko tiwọn tó ń fò kiri lóru, kangaroo. Níbẹ̀, èèyàn lè wakọ̀ ní gbogbo òru láìrí ilé kan, bí rédíétọ̀ ẹ̀ bá fọ́ nínú aginjù, òùngbẹ lè pa á. Mo gbà fún wọn. Tírélà ńlá àti bọ́ọ̀sì gàgàrà tó ní ṣáṣí irin nísàlẹ̀, tó ń rìnrìn àjò lóru, irin tó bá ìwọ̀n ẹ̀ mu lè dáàbò bo rédíétọ̀ àti iná ẹ̀.

Àmọ́ Ìgèdè kì í ṣe aginjù. Corolla kì í sì í ṣe tírélà. Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe rí.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ewúrẹ́ tí ìga ẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà, ìsàlẹ̀ irin ló máa gbà. Irin á tì í wólẹ̀, á wọ abẹ́ mọ́tò, ibi tí páìpù bíréèkì àti àwo epo ẹ́ńjìnnì wà. Màlúù ńkọ́? Irin tí àwọn ajórinmọ́rin ń ṣe fún mọ́tò kékeré kò ga dé àyà màlúù. Ẹsẹ̀ náà ni yóò bá, ara á sì tún wá bá gíláàsì gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí. Ìyẹn ni pé ẹran tó kéré, irin ò wúlò fún un. Èyí tó sì tóbi tó ń pààyàn, irin ò ká a.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ara mọ́tò fúnra ẹ̀. Mọ́tò kékeré òde òní kò ní ṣáṣí bíi ti lọ́rì Bedford àtijọ́. Ara ẹ̀ ló jẹ́ egungun ẹ̀. Wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe iwájú ẹ̀ kó máa rún ni. Ẹnjiníà kan ní iléeṣẹ́ Mercedes-Benz, Béla Barényi, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Mercedes tó jáde lọ́dún 1959 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe. Kí iwájú rún, kí ẹ̀yìn rún, kí àárín tí èèyàn jókòó sí má rún: gbogbo ọgbọ́n náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí iwájú bá ń rún, ó ń jẹ agbára ìkọlù náà díẹ̀díẹ̀ kó tó dé àyà èèyàn. Àwa wá gbé páìpù líle, a jó o mọ́ ibi tí wọ́n ní kó rún. Agbára tí iwájú ì bá jẹ, tààrà ló ń bọ̀ wá bá ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń bú jáde látinú ọwọ́ ọkọ̀ bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀: ohun kékeré kan níwájú ló ń sọ fún un pé "ó ti tó, bú jáde", irin àjòmọ́ sì lè mú kó tètè bú láìtó àkókò, tàbí kó pẹ́ kó tó bú. Àwọn kan á ní tòkúńbọ̀ làwọn ń gùn, pé àpò yẹn ti kú láti òkè òkun. Ó dáa, tiwọn ti yé wa.

Àmọ́ kì í ṣe ẹni tó wà nínú mọ́tò ló jẹ́ kí n kọ nǹkan yìí.

Ẹ dúró sẹ́bàá títì n'Ìgèdè láago méjì ọ̀sán, nígbà tí iléèwé bá jáde. Títì kan yìí náà tí ewúrẹ́ ń sọdá, òun làwọn ọmọ ń sọdá. Kò síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹsẹ̀ tó pọ̀, bí wọ́n ṣe ń fa ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń sáré kọjá, tí èyí àbúrò á sì ṣẹ́kù sẹ́yìn bí ọmọ ewúrẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ga ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Bí mọ́tò tí iwájú ẹ̀ jẹ́ rọ́bà àti páànù fẹ́lẹ́ bá kàn án lórí eré díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ lè ṣẹ́, á sì wó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bọ́nẹ́ẹ̀tì náà á wọnú. Ọlọ́run lè ṣe é kó yè é. Bí ó bá jẹ́ jíìpù tó ní irin ńlá níwájú, àyà àti orí ọmọ náà gan-an ni irin ọ̀hún ga dé. Irin kì í wọnú. Gbogbo agbára mọ́tò yẹn ló sì kó sójú páìpù tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn fòfin de é nìyẹn. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ṣe lọ́dún 2005 sọ pé irin iwájú ọkọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ẹ́ tà gbọ́dọ̀ yege ìdánwò, wọ́n á fi ohun tó dà bí ẹsẹ̀ èèyàn àti orí ọmọdé lù ú wò. Páìpù irin tó le gbagidi ò yege, àwọn oníṣòwò bá yíjú sí èyí tó rọ̀. Ní India, orílẹ̀-èdè tí màlúù ń sùn lójú títì ju ti ibikíbi lọ, tí wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún màlúù, oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni ìjọba wọn kọ̀wé sí gbogbo ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n máa yọ irin náà kúrò níwájú mọ́tò. Ẹ gbọ́ o: India! Bí irin bá jẹ́ oògùn màlúù ni, ṣé àwọn yẹn ni ì bá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́?

Mo bá ọ̀dọ́kùnrin ajórinmọ́rin kan sọ ọ́. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mi ò bá ṣe é fún wọn, ẹni tó wà lódì kejì á ṣe é." Òótọ́ ló sọ, owó ọmọ ló ń wá.

Eré ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, àsápajúdé. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, kò le. Mọ́tò tó ń sá 100 kílómítà ní wákàtí kan ń rin mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí màlúù, kí ọpọlọ tó sọ fún ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí iná bọ́ sórí bíréèkì, bí ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ ti lọ, mítà 40 àti díẹ̀ ti kọjá, bẹ́ẹ̀ bíréèkì ò tíì mú o. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí táyà dáa, ó kù tó mítà 55 kó tó dúró. Àpapọ̀ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù láti ojúlé kan dé ìkejì. Bí eré náà bá jẹ́ 60, mítà 45 ló tó o, kò tó ìdajì pápá. Bẹ́ẹ̀, iná mọ́tò tí èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọkọ̀ tó ń bọ̀ kì í sábà mọ́lẹ̀ kọjá mítà 40 sí 60 lọ dáadáa. Ẹni tó ń sá 100 lóru pẹ̀lú irú iná yẹn, ó ti kọlu màlúù kó tó tẹ bíréèkì tán. Òfin ìrìnnà wa náà ò sì fi nǹkan pamọ́: 50 nínú ìlú, 80 lójú ọ̀nà ìlú sí ìlú, orí òpópónà márosẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ àdáni ti lè sá 100. Ọ̀nà Adó sí Àrámọkọ kì í ṣe márosẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí màlúù á fi wà lójú títì lóru rárá. Ìbéèrè gidi ni. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 2016, Gómìnà Ayọ̀délé Fáyóṣé fọwọ́ sí òfin ìfẹran-jẹ̀ ní Èkìtì, lẹ́yìn tí wọ́n pa èèyàn méjì l'Òkè-Àkó lóṣù Karùn-ún ọdún náà. Òfin ọ̀hún ní aago méje àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹran máa fi jẹ̀. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà gúúsù tún pàdé ní Asaba, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa da ẹran kiri mọ́. Ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, ibòmíì la ti máa sọ ìyẹn. Tèmi níbí ni pé ẹran tí kò gbọ́dọ̀ jẹ̀ lóru, kò yẹ kó sùn sójú ọ̀dà lóru. Àmọ́ òfin kò ní iná iwájú tó máa tàn sí màlúù pupa nínú òkùnkùn.

Ohun mìíràn tún wà tó ń mú kí wọ́n máa sáré, ẹ̀rù ajínigbé ni. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí wọ́n dá àwọn ọba wa lọ́nà lápá Ìkọ̀lé lọ́hùn-ún, tí wọ́n pa Onímòjò ti Ìmòjò àti Elésùn ti Ẹ̀sùn-Èkìtì. Látìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, dẹ́rẹ́bà tó bá rí ohun kan tó dínà níwájú kì í kọ́kọ́ ronú pé màlúù ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀ á fẹ́ẹ́ tẹ iná ni, kì í ṣe bíréèkì. N kò lè bá a wí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kó tètè kúrò l'Adó, kó má dúró de aago meje alẹ́ kó tó máa lọ sí Iléṣà. Irin iwájú ọkọ̀ ò dá ìbọn dúró, kò sì dá màlúù dúró.

Bàbá dẹ́rẹ́bà kan tí mo bá rìn ní ọ̀nà yìí, ọkọ̀ ẹ̀ ò ní irin kankan níwájú, bọ́ńpà ẹ̀ sì wà pé. Mo ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ojú ni mo fi ń wakọ̀." Wọ́n wá ń tọ́ka sí nǹkan fún mi bí a ṣe ń lọ. Lékèélékèé tó ń fò lókè koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ní màlúù wà nísàlẹ̀ ẹ̀, bí mi ò tilẹ̀ rí i. Bó bá jẹ́ màlúù kan ló sọdá, darandaran kan á wà níwájú, òmíràn á sì ń bọ̀ lẹ́yìn, kí n wo ojú èyí tó wà lẹ́yìn kí n tó lọ. Wọn kì í fọn fèrè fún màlúù. Wọ́n ní tó bá ta gìrì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa forí lé, kí èèyàn rọra dúró ni. Fún ewúrẹ́, wọ́n á fọn ọ́n láti ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe nígbà tó bá ti dé iwájú bọ́ńpà. Lóru, ojú ẹran máa ń tàn bíi iná sìgá méjì bí iná mọ́tò bá bá a, bí wọ́n bá ti rí méjì yẹn lápá igbó, wọ́n á ti tẹ bíréèkì, àmọ́ wọ́n ní kí n má gbẹ́kẹ̀ lé e, torí ẹran tó bá kọ̀yìn síni kò ní ojú lẹ́yìn. Nígbà òjò, tí eésún bá ti ga bo ẹ̀gbẹ́ títì, àárín ọ̀nà tiwọn ni wọ́n ń tọ̀, wọn kì í fara ti igbó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n bá ń sun igbó, òyà àti òkété á máa já bọ́ sójú títì, wọn ò sì dúró gbé e, ó ti di àmódi pé ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ti kàn dẹ́rẹ́bà tó sọ̀ kalẹ̀ gbé òyà.

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin, tí koríko bá gbẹ lókè ọya, ni agbo màlúù máa ń pọ̀ jù lápá ibí, ìgbà yẹn gan-an ni ọyẹ́ náà máa ń bo ọ̀nà láàárọ̀ kùtù. Aago mẹ́fà àárọ̀ sí méje, àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ, ìyẹn ni wákàtí tó léwu jù láàárín Ìgèdè sí Àrámọkọ, níbi tí ọ̀nà ti ń yí bí ejò láàárín òkè. Ará Ìgèdè náà lè ṣe nǹkan kan. Bí olówó ewúrẹ́ bá so ẹran ẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, tàbí tó kó o sínú ọgbà, ewúrẹ́ abòyún ìbejì kò ní máa kú lójoojúmọ́. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá sì rí owó ṣe bọ́m̀pù méjì níwájú iléèwé, kí wọ́n kùn ún ní funfun kó hàn lóru.

Bí mo ṣe ń kúrò nílùú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, jíìpù dúdú kan ń bọ̀ láti apá Àdó, irin fàdákà gàgàrà níwájú ẹ̀, ó ń sá eré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Agbo àgùntàn kan ń sọdá níwájú ọjà. Dẹ́rẹ́bà náà tẹ bíréèkì, táyà ké, ó dúró. Àgùntàn mọ́kànlá ló kà kọjá, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó ráyè lọ.